Ìjókòó Orí Omi

Màmá Ẹlẹ́rìn-ín fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé bí ọpọlọ òun bá tóbi tó ìdí òun ni, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀. Ọmọrí irin kan wà létí títì níwájú ilé rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹnu omi tí àwọn panápaná ń ki rọ́bà wọn bọ̀ wà. Ọmọrí náà kì í jẹ́ kí àga rẹ̀ dúró dáadáa. Ló bá ní kí bíríkìlà da sìmẹ́ńtì bò ó, kó mọ ìjókòó lé e.

"Jẹ́ kó fẹ̀ o. Èmi nìkan tó èèyàn méjì."

Ibẹ̀ ni òun àti aránṣọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ogójì ọdún, ti ń bú ara wọn bí ọmọdé ní ìrọ̀lẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná sọ nílé aránṣọ. Aránṣọ ti lọ ra òwú. Ọkọ rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àwọn panápaná tètè dé, ṣùgbọ́n omi inú ọkọ̀ wọn tán, iná ò rọlẹ̀. Ọ̀gá wọn ń wo ìwé tó júwe ibi tí ẹnu omi wà, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kiri.

"Ìwé ní agbègbè ibí ni. Màmá, ẹ ò mọ ibi tí ọmọrí irin kan wà?"

Gbogbo àdúgbò ń wo Màmá Ẹlẹ́rìn-ín. Ìtìjú dì í lẹ́nu. Ìgbà tí òrùlé já wálẹ̀ ló tó nàka sí ìjókòó. Wọ́n fi òòlù fọ́ ọ, omi sì tú jáde ṣùùrù, nígbà tí kò sí ẹni tó máa gbà là mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ bá aránṣọ nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun, bó tilẹ̀ máa lé òun jáde. Ó kúnlẹ̀, orókún rẹ̀ ké.

"Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo da sìmẹ́ńtì bo omi tí ì bá gba ọkọ rẹ là."

"Dìde. Ta ló máa gbé ọ bí o bá há síbẹ̀?" Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé èmi kọ́ ni mo pọnmi tí bíríkìlà fi po sìmẹ́ńtì? Àwa méjèèjì la jọ jókòó lé e."

Omijé bọ́ lójú Màmá Ẹlẹ́rìn-ín. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Àmọ́ ọ̀gá panápaná wá kí mi. Ó ní òun bi ọ́, o sì dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi, kí lò ń rò lọ́kàn nígbà yẹn?"