Àmín Ará Ìlú

Ní gbogbo Ayétòrò, kò sí ẹni tó ń pariwo orúkọ Fọlọ́runṣọ́ tó Sẹ̀kínát. Iwájú ìsọ̀ kẹrosíìnì rẹ̀ ní oríta ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ dúró sí, ní ọdún kẹrin òmìnira, tó ní àwọn olóyè àtàwọn tíṣà ti jẹ ìlú gbẹ.

"Èmi kọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ará ùlú ló ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀."

Tíṣà lòun fúnra rẹ̀ n'Íbàdàn o, àwọn tó mọ inú ilé rẹ̀ sì ní fọ́ọ̀kì ló fi ń jẹ iyán. Ṣùgbọ́n ó ń pe "ùlú" bí ẹni tí kò kọjá Ìjerò rí, inú Sẹ̀kínát sì dùn. Wọ́n fi Fọlọ́runṣọ́ ṣe alága ìpàdé ìlú.

Tẹ́lẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń sọ tẹnu rẹ̀ nípàdé. Wọn á jà, wọn á parí ẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú. Fọlọ́runṣọ́ ní ìfàkókòṣòfò nìyẹn. Àdúrà ló fi ń ṣe ìpàdé tirẹ̀.

"Gbọ̀ngàn ará ùlú tí a fẹ́ kọ́ sí oríta, a ó kọ́ ọ tán láyọ̀!"

"Àmín!" Ti Sẹ̀kínát ló ròkè jù. Ta ni wọ́n á ṣàdúrà fún tí kò ní ṣe àmín?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sára ìsọ̀ rẹ̀ pé wíwó ni. Ìsọ̀ yẹn ló fi ń bọ́ Àmínát ọmọ rẹ̀ láti ìgbà tí Àkànjí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó sáré lọ bá alága.

"Ìyá Àmínát, ará ùlú ti fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ṣe àmín, mo gbóhùn yín."

"Àdúrà ni mo ṣe àmín sí, kì í ṣe wíwó ìsọ̀ mi!"

"Ọlọ́run ti gbà á nìyẹn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé àmín náà ń kó ọ̀ràn báni? Inú bí Sẹ̀kínát gan-an. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, ó dìde láti sọ̀rọ̀. Alága ò dí i lọ́wọ́. Ó kàn ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà.

"Ọ̀tá ará ùlú tó wà láàárín wa, Ọlọ́run á tú àṣírí rẹ̀!"

"Àmín!"

Sẹ̀kínát pa ẹnu mọ́.

"Ìyá Àmínát," ni Eunice tí wọ́n jọ ń tajà ní oríta wí, "ẹ ò ṣe àmín?"

Gbogbo orí yí sí i. Kò sẹ́ni tó bi í mọ́ pé kí ló dìde sọ. Eunice, tí ọ̀dà funfun wà lára ìsọ̀ tirẹ̀ náà, káṣọ jọ, ó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.