Táyà Ni Wọ́n Dá Lẹ́bi

Ọládayọ̀ dìde láti dúpẹ́ ní ilé ìjọsìn wa, inú ọpẹ́ yẹn ló sì ti ba orúkọ mi jẹ́.

Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ wòlíì, ó ní òun ń gbé oúnjẹ lọ sí Zoo Road ni táyà iwájú lápá òsì bẹ́. Ó ní ọkọ̀ fẹ́ dojú dé, áńgẹ́lì ló fi èjìká gbé e dúró. Ìjọ pariwo halelúyà. Ká ní ó jókòó níbẹ̀, n kò ní bá a jà. Ẹni tí áńgẹ́lì bá ràn lọ́wọ́, kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ọládayọ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ máa ṣọ́ ẹni tí ẹ ń ra táyà lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìjọ yìí náà ló jókòó sí."

Èmi nìkan ni mò ń ta táyà nínú ìjọ náà. Ọkùnrin tó wà níwájú mi yíjú wò mí, ìyàwó rẹ̀ náà yíjú wò mí, ọmọ wọn tí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá tán fi Hausa bi ìyá rẹ̀ pé ta ni wọ́n ń bá wí. Ìyá náà fi ẹnu tọ́ka sí mi.

Táyà tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Ibo Road. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń yí táyà kiri Sabon Gari ní Kano, n kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Táyà tòkunbọ̀ kò ní ẹ̀rí kankan tó ń bá a rìn. Ẹni tó bá rà á, ẹnu mi ló gbà gbọ́. Bí wọn kò bá gba ẹnu mi gbọ́ mọ́, rọ́bà lásán ni mo kó jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí Ọládayọ̀ fi ọpẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Kí oṣù tó parí, àwọn awakọ̀ tó ti ń bá mi rà bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ti ń gba iwájú mi kọjá lọ sí Fagge. Olúwapamílẹ́rìn tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe takisí, tí kì í kọjá láì yà jókòó, wá di ẹni tó ń juwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀ bí ẹni ń juwọ́ sí aláìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó ba orúkọ mi jẹ́ fún yín. Ọládayọ̀ jẹ́ àbúrò ọkọ Àbíkẹ́. Àbíkẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Virtue, òun ló ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Zoo Road. Òun ló ni bọ́ọ̀sì, òun ló ni oúnjẹ, òun ló ń san owó epo. Ọládayọ̀ kàn ń wà á ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé àbúrò ọkọ ni, "ọkọ mi" ni obìnrin náà ń pè é, "ẹ" ló sì ń bá a sọ, kò sì rọrùn fún un láti sọ fún ọkọ pé ọkọ kò mọ nǹkan. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́.

Bọ́ọ̀sì náà ń fà sí ọ̀tún. Bí o bá tú ọwọ́ lára sìtíárìn lójú títì tó tẹ́jú, ọ̀tún ló ń lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ irú èyí, awakọ̀ tó ní làákàyè yóò kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò ní kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e, kó mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wò bóyá nǹkan kan ti jẹ tàbí ó ti rọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Ọládayọ̀ kọ́kọ́ lọ ṣe bálánsì. Wọ́n lẹ òjé mọ́ ara rímù fún un, inú rẹ̀ dùn, ọkọ̀ náà sì ń fà sí ọ̀tún bọ̀ wálé. Bálánsì wà kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n lórí eré. Aláínmẹ́ǹtì ló ń wo ibi tí ẹsẹ̀ náà kọjú sí. Ó dà bí kí etí máa dun ènìyàn kó lọ ra bàtà.

Nígbà tó rí i pé sìtíárìn wọ́, ó ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì tún un dè kó dúró gbọnrangandan. Wọ́n dè é. Ọkọ̀ ń lọ sí ọ̀tún, sìtíárìn dúró gbọnrangandan, Ọládayọ̀ sì ń pe àwọn ènìyàn kí wọ́n wá wò ó. Etí inú ni táyà òsì ti ń jẹ, ó pààrọ̀ rẹ̀ sí ọ̀tún kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà tètè rí i, ó ra òmíràn sí òsì lọ́wọ́ mi, ìyẹn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó wá kó ọgbọ́n tó kù sílẹ̀: ó ń dín afẹ́fẹ́ táyà òsì kù kí ọkọ̀ lè fà padà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, tí ẹrù jókòó lé lórí, nínú oòrùn Kano, kí ló fẹ́ ṣe ju kó bẹ́ lọ? Ó bẹ́. Áńgẹ́lì dé. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Mo bi í léèrè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn pé kí ló rí lára táyà mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ kì í purọ́. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Malam Sagiru tó ń fi ẹ̀rọ ṣe aláínmẹ́ǹtì ní Fagge, iná àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀ tàn. Bí ọkọ̀ bá dára, tí táyà ń bẹ́, kí ló kù?" Ó lọ síbẹ̀ lóòótọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, á kọ́kọ́ kó gbogbo kúlà sílẹ̀, á fọ bọ́ọ̀sì náà, á ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó tuntun. Bọ́ọ̀sì òfìfo ni Malam Sagiru ń rí. Kò bi í ohun tó ń kó, Ọládayọ̀ náà kò sọ. Wọ́n bá ọkọ̀ tí kò gbé nǹkan kan ṣe aláínmẹ́ǹtì, ó padà wálé, ó di ẹrù ọ̀sán lé e lórí.

N kò kí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn. N kò sì jẹun mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí Àbíkẹ́ ti ń ta oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló ṣẹ̀ mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì náà yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, oúnjẹ kún inú rẹ̀. Wáyà ti ń yọ lára táyà òsì. Àbíkẹ́ fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn, nítorí ọbẹ̀ ti ń dànù lójú ọ̀nà, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn awakọ̀ kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, wọn kò ra nǹkan kan, atẹ́gùn ni wọ́n wá gbà.

"Bàbá Táyà, ẹ káàárọ̀ o," ni Àbíkẹ́ wí.

"Káàárọ̀, Ìyá Virtue. Ta ni mo tún fẹ́ pa lónìí?"

"Ẹ má bínú, ẹ bá wa wá táyà kan. Aago ń lọ."

Ọládayọ̀ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Kó má jẹ́ irú ti ìjọ́sí o."

"Ti ìjọ́sí dà? O ti fi dúpẹ́ tán."

Awakọ̀ Hausa kan lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mai Taya, hakuri." N kò ní sùúrù kankan láti fún un.

Àbíkẹ́ ti ṣí ìkòkò ọbẹ̀ láti wo iye tó kù. Kò dé e padà. Ó dúró, ó ń wo inú ìkòkò náà.

"Ọkọ mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wo nǹkan."

"Ìyàwó wa, ẹ ò rí i pé a ti pẹ́?"

"Mo rí i. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Gbogbo wa lọ wò ó. Lápá òsì, epo orí ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè ìkòkò. Lápá ọ̀tún, ó ti fà sẹ́yìn tó fi jẹ́ pé ara ìkòkò hàn gbangba.

"Ìkòkò yẹn ló wọ́," ni Ọládayọ̀ wí.

Àbíkẹ́ yí ìkòkò náà po. Epo tún lọ sí òsì.

"Á jẹ́ pé ilẹ̀ ibí ló wọ́."

Inú bí mi. Ó ti ba táyà mi jẹ́, ó fẹ́ ba sìmẹ́ńtì mi jẹ́ kún un. Mo gbé táyà kan nà ró lórí ilẹ̀ náà, mo sì fi ọwọ́ sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, kò yí lọ sí ibì kankan.

"Ọkọ mi," ni Àbíkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ tutù, "ọbẹ̀ yìí kò mọ̀ yín, kò sì bá yín jà. Ọkọ̀ ló tẹ̀ sí òsì. Kí ló dé tí gbogbo ẹrù fi wà lẹ́yìn ìjókòó yín? Ìrẹsì, ọbẹ̀, sílíńdà gáàsì, omi. Kí ló wà lápá ọ̀tún?"

"Àwọn ènìyàn ń jókòó síbẹ̀."

"Ènìyàn wo, nínú bọ́ọ̀sì oúnjẹ?"

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ dá a lóhùn fún un. "Sister Salome àti àwọn akọrin ìjọ wọn. Ìdí ẹnu ọ̀nà ni Sister fẹ́ràn, atẹ́gùn wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń mì. Àbíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé kúlà ìrẹsì àti sílíńdà lọ sí ọ̀tún. Epo inú ìkòkò sún padà, ṣùgbọ́n kò tẹ́jú tán. Mo ti ọwọ́ bọ àárín táyà iwájú àti ara ọkọ̀. Lápá ọ̀tún, ọwọ́ mi wọlé ní nínà. Lápá òsì, ìka nìkan ló gba ibẹ̀. Sípíríìǹgì òsì ti rẹ̀, ó ti jókòó. Gbogbo ènìyàn ń wo ọ̀tún nítorí ọ̀tún ni ọkọ̀ ń fà sí, kò sì sẹ́ni tó wo òsì níbi tó tẹ̀ sí.

Mo ta táyà kan fún Àbíkẹ́ kí oúnjẹ lè débẹ̀. Ọládayọ̀ wa ọkọ̀ lọ, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà sì tú ká. Wọ́n ti rí nǹkan fi ṣe ẹ̀rín. Kò sí ẹni tó ní òun máa ra táyà.

Àbíkẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ náà lọ sí Fagge. Ó pọn omi kún àwọn kúlà kí wọ́n lè wúwo bí oúnjẹ, ó sì tò wọ́n sí ibi tí Ọládayọ̀ máa ń tò wọ́n sí. Ẹ̀rọ Malam Sagiru tan iná pupa. Malam bínú, ó ní kí ló dé tí wọn kò fi sọ ohun tí ọkọ̀ náà ń gbé fún òun látọjọ́ yìí. Wọ́n pààrọ̀ sípíríìǹgì iwájú méjèèjì, wọ́n pín ẹrù náà sí ọ̀tún àti òsì, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣe aláínmẹ́ǹtì pẹ̀lú ẹrù lórí. Àbíkẹ́ kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi wà á lọ wà á bọ̀ lójú títì tó tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í dúró ṣe èyí. Wọ́n á sanwó, wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ, ọ̀la ni wọ́n á tó mọ̀ pé wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ó wá ku táyà. Táyà ọ̀tún tí Ọládayọ̀ pààrọ̀ ti jẹ, ọkọ̀ náà kò ní sípíà, irú ìwọ̀n náà kò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Ibo Road lọ́sẹ̀ yẹn. Àbíkẹ́ rán Ọládayọ̀ sí mi, ó ní kó má padà wálé láìsí táyà. Ó dé ní ọ̀sán gangan, nígbà tí bẹ́ǹṣì mi kún.

"Bàbá, ẹ kú ọjà o. Méjì ni mo fẹ́."

"Táyà ọwọ́ mi máa ń bẹ́. O kò gbọ́?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn."

"Èmi kì í gbàgbé. Kí ló mú táyà ìjọ́sí bẹ́?"

Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé afẹ́fẹ́ ni kò tó.

"N kò gbọ́."

"Afẹ́fẹ́ ni kò tó, Bàbá. Èmi ni mo dín in kù."

"Àwọn wọ̀nyí ni kó o sọ ọ́ fún. Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ó wo táyà, ó wo ọ̀nà, ó yíjú sí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, táyà Bàbá dára. Èmi ni n kò wa ọkọ̀ mi bó ṣe yẹ." Ó sọ ọ́ kíákíá bí ẹni ń gbé oògùn mì, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ síta, gbogbo wọn sì gbọ́.

Mo gbé táyà méjì fún un, iye tí mo ń tà á fún gbogbo ayé ni mo gbà. Ó na ọwọ́ kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo fi aṣọ nu ọwọ́ mi, mo padà sí ìjókòó mi. N kò kí i di òní.

Olúwapamílẹ́rìn wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Ó dìde, ó họ orí, ó ní, "Bàbá, tèmi náà ti ń fà sí apá kan o. Ẹ bá mi wo táyà rẹ̀."

"N kò wo táyà kankan," mo ní. "Ṣí búùtù ná."

Ó dúró. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àwọn ẹrù díẹ̀ kan báyìí ni. Mo ní kó ṣí i kí ó tó máa purọ́ fún mi.