Òróró Lára Ìbọ̀wọ́ Dọ̀tun

Ọdún tí Olúwadọ̀tun pé méje ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ọkọ mi, bàbá rẹ̀ àgbà, wà lórí igi kòkó lóko wa lẹ́yìn Ẹrúnmu, wọ́n ń já a, wọ́n ń jù ú sísàlẹ̀, ọmọ náà sì ń hán an. Ọ̀kan ò kanlẹ̀. Wọ́n jù ú kọjá orí rẹ̀ láti fi dán an wò, ó fò sẹ́yìn, ó hán an. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí igi.

Ọwọ́ yẹn náà ló wá fi ń jẹun nígbà tó dàgbà. Kípà bọ́ọ̀lù ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará Alákìá mú un, láti Alákìá ni ẹgbẹ́ ńlá kan n'Ìbàdàn ti gbà á. Mo jó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Kérúbù àti Séráfù, títí orúnkún fi dùn mí. N kò mọ̀ pé èèyàn lè rí iṣẹ́ kó má rí i ṣe. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Dọ̀tun fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kípà kan ṣoṣo ló ń wọ pápá, Sanmí sì ni, ọmọ ìlú Ìrókò. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn. Ó bá Dọ̀tun wá sílé wa lọ́dún tuntun, ó jẹun tán, ó kó gbogbo àwo ó lọ fọ̀ wọ́n. Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ kò ṣàìsàn rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ́ rí.

Bí Dọ̀tun bá wálé, á ní, "Ìyá àgbà, bẹ́ǹṣì yẹn mọ ìdí mi ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ." A ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò. Kóòṣì ti sọ fún un pé bí ọdún bọ́ọ̀lù bá parí tí kò bá fi nǹkan kan hàn, àwọn ò ní tún ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe.

Ìgbà tó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni ìka Sanmí ṣẹ́. Wọ́n ní Dọ̀tun ni yóò wọlé lọ́jọ́ Sátidé.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ń ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì, Wòlíì Ọláníran sì pè mí jáde. Wọn kì í pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá, mo rí ọmọkùnrin gíga kan, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ohun tí wọ́n jù sí i bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ariwo sì ta. Ẹ fi òróró àdúrà ra ọwọ́ rẹ̀ kó tó jáde." Wọ́n gbàdúrà sí ìgò òróró ólífì kan, mo so ó mọ́ etí ìró mi. 

Dọ̀tun dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kó lè kí mi kó tó padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Mo ní wòlíì ríran sí i, kó gbé ọwọ́ wá kí n fi òróró kùn ún. Ó béèrè pé kí ni wọ́n rí. Mo fẹ́ sọ ọ́, ó tún sáré fi ọwọ́ dí etí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà. Bí mo bá gbé ìran wọ pápá, mo ti fìdí rẹmi nìyẹn." Ó mú kànìnkànìn, ó lọ wẹ̀.

Báàgì rẹ̀ wà lórí àga, ó ṣí sílẹ̀. Mo rí ìbọ̀wọ́ tuntun nínú ọ̀rá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, bí ọmọ bá wà lókèèrè, aṣọ rẹ̀ la máa ń gbé lọ síwájú pẹpẹ, àdúrà tí a bá gbà sí aṣọ, ara ọmọ ló gbà á. Ìyá mi gbé ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ́ẹ̀ nígbà ogun, ẹ̀gbọ́n mi sì bọ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìbọ̀wọ́ ni ọwọ́. Mo da òróró sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo ń fi ra á ní ìka kọ̀ọ̀kan, mo ń ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà. Ó ń fa òróró náà mu, mo bá dà sí i títí ìgò fi gbẹ. Mo dá a padà sínú ọ̀rá, n kò sọ fún un.

Fóònù Kaothar, ọmọ aládùúgbò wa, la fi wo bọ́ọ̀lù náà. Ó pẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ Dọ̀tun. Nígbà tó sì dé, jẹ́ẹ́jẹ́ ló dé, èmi gan-an ìbá hán an. Dọ̀tun fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yọ̀ bí ẹja, ó wọlé sẹ́yìn rẹ̀. Kaothar ní, "Háà, Mama, kí ló ṣe é?" Dọ̀tun wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ koríko. Kò pẹ́, òmíràn tún yọ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà sọnù, ó fi ọwọ́ lásán gbá ìyókù, kò sì sí èyí tó tún wọlé. Ṣùgbọ́n méjì ti wọlé ná, ẹgbẹ́ wọn sì pàdánù.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kó ẹrù rẹ̀ dé. Ó yọ ìbọ̀wọ́ náà síta, ẹrẹ̀ ti pò mọ́ ọn, ó ní kí n fi ọwọ́ kàn án kí n rí bó ṣe ń yọ̀. Ó ní, "Sanmí nìkan ló mọ ibi tí mò ń gbé báàgì mi sí. Òun ló fi nǹkan sí i kí n má bàa gba ipò rẹ̀."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo la ẹnu, mo béèrè bóyá ó ti jẹun.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó gbé ìbọ̀wọ́ náà lọ síwájú pẹpẹ. Wòlíì Ọláníran ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tó ra nǹkan sí ìbọ̀wọ́ yìí, ì báà ṣe ti Sanmí, ì báà ṣe ti ẹlòmíràn, kí Olúwa jẹ́ kó rọ. Ìjọ ṣe àmín. Wọ́n tún un sọ, ìjọ tún ṣe àmín. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ariwo àmín gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń ro ìka Sanmí tó ti ṣẹ́, àti àwọn àwo mi tó fọ̀.

Dọ̀tun yí ojú padà. Ó ní, "Ìyá àgbà, mi ò gbọ́ àmín yín."

Mo dìde, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Mo ní, "Ọwọ́ tí ẹ ń gbàdúrà lé lórí nìyí. Òróró tí ẹ fún mi ni mo fi kun ìbọ̀wọ́ náà."

 Wòlíì kò wo ojú mi, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Dọ̀tun gbé ìbọ̀wọ́ náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó mú bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde lọ. Kaothar ní Ìrókò ló gbà lọ, ó lọ bẹ Sanmí. Kò tíì padà wálé.

Ìjọ túká wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé ká yí àdúrà náà padà, ó sì tì mí lójú láti béèrè. Láàárọ̀, kí n tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń di ọwọ́ ọ̀tún, mo máa ń là á. Láti ọjọ́ Àìkú, ìka kékeré kì í tètè là.