Omi Dídùn Lẹ́yìn Kíkorò

"Kí lò ń wò? Dà á fún mi kí ahọ́n mi tó kú!"

Ìyá Tumirah ti gbé ife kíkorò mì. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, ètè rẹ̀ ká bí ewé tó rí iná, ó sì ti nawọ́ síwájú kí wọ́n gbé ife kejì lé e. Warsini, ìyàwó ọmọ rẹ̀, di ìgò omi dídùn mú lọ́rùn. Kò dà á. Kò mọ ìdí tí kò fi dà á. Ọwọ́ rẹ̀ kàn dúró ni.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Kùrukùru odò Solo ti wọ àgbàlá, ó bo orí ògiri, ó bo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wá dà pọ̀ mọ́ èéfín ìkòkò àgbo títí èèyàn ò fi mọ èwo lèwo. Àkùkọ ń kọ ní ilé kejì, ṣùgbọ́n bí ẹni pé abẹ́ omi ló ti ń kọ.

"Ìyá, ẹ má bínú. Mo ní kí n... kí n kọ́kọ́ mì ín ni."

"O ti mì ín lẹ́ẹ̀kan, o tún ń mì ín. Ṣé ọmọ tó ń sunkún ni?"

Warsini rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì dà á. Omi ìrẹsì ni, tí wọ́n fi atalẹ̀ àti ṣúgà ọ̀pẹ sè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ayébáyé: ẹni tó bá mu kíkorò, wọ́n á fi dídùn tù ú lẹ́nu. Alágbo tó bá fúnni ní kíkorò tí kò fi dídùn tẹ̀ lé e, ahun ni, tàbí kó jẹ́ ọ̀tá.

Ìyá mu ún tán, ó lá ètè, ó dìde lọ sí balùwẹ̀. Ó ń tiro. Ó ní orúnkún ló ń dun òun. Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nínú ooru ilẹ̀ Jáfà yìí, kì í sì í bọ́ ọ mọ́, ì báà jẹ́ lójú oorun. Warsini rí i. Ó tún rí àwọn èèrà tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ síbi tí Ìyá máa ń tọ̀ sí. Èèrà kì í tò lásán. Ó gbé omi, ó fi ṣan wọ́n dànù. Obìnrin tí kì í sọ nǹkan ni.

Ìyá ti ní àtọ̀gbẹ tipẹ́, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, àfìgbà tí Tíṣà Nastiti gbé ìròyìn wá sí gbọ̀ngán àdúgbò. Nastiti, ọmọ Lasmini aránṣọ, ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó ti gba ewé sambiloto lọ́wọ́ Ìyá, ewé tó korò bí jogbo, tí wọ́n fi ń se ife kíkorò. Ó sá a níbòòji, ó lọ̀ ọ́, ó fà á jáde nínú ọtí líle, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìgò kéékèèké. Ó ní agbára méjì ló bá nínú rẹ̀. Ó ní kì í jẹ́ kí inú ara tètè dógùn-ún bí irin tí òjò ń pa. Lẹ́yìn náà ó ní ohun kan wà nínú itọ́ àti nínú ìfun wa tó dà bí sísọ́ọ̀sì, òun ló ń gé ìrẹsì tí a jẹ sí wẹ́wẹ́ títí á fi di ṣúgà. Ewé yìí máa ń di sísọ́ọ̀sì náà lẹ́nu, kí ṣúgà má baà ya wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ni Ìyá bá dìde láàárín èrò. "Ẹ gbọ́ ná! Ìyá ọkọ mi tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí kò mọ sísọ́ọ̀sì kankan. Ó kàn mọ̀ pé ó dáa ni!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn àgbàlagbà ń lu ìjókòó. Tíṣà ṣì ń sọ nǹkan kan lọ lókè níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, ariwo ti gbé e lọ. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti kó oògùn ilé ìwòsàn sínú agolo bọ́tìnnì. "Ewé mi ti yege ní yunifásítì," ó wí. "Kí ni mo tún ń fi oògùn òyìnbó ṣe?"

Warsini pọn apẹ̀rẹ̀ ìgò rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ọ̀já dì í bí ẹni pọn ọmọ, ó jáde lọ kiri àgbo láàárọ̀ náà. Kùrukùru kò tíì ká. Àwọn èèyàn ń yọ láti inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, orí kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọwọ́ tó mú ife dání, wọ́n á mu, wọ́n á tún rì padà sínú funfun. Ó máa ń fẹ́ràn wákàtí yìí. Lónìí, ẹ̀rù ń bà á, kò sì rí ohun tó ń bà á lẹ́rù dì mú.

"Àǹtí Alágbo! Bu sísọ́ọ̀sì díẹ̀ fún mi!" Giyanto ni, tó ń tún alùpùpù ṣe ní igun ọ̀nà.

"Sísọ́ọ̀sì wo?"

"Èyí tí Tíṣà sọ. Mo fẹ́ fi gé ẹnu ìyàwó mi kù."

"Mo gbọ́ ẹ o!" Ohùn kan wá láti inú ilé. "Kó kọ́kọ́ gé ikùn tìẹ!"

Giyanto da kíkorò sọ́fun, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. "Dídùn! Dídùn, jọ̀ọ́, mo ti kú!" Ó mu ún, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí Ìyá ti ṣe lèmi náà ṣe o. Mo ti pa oògùn àtọ̀gbẹ mi tì. Ara mi le. Ojú mi ló kàn ń ṣe bàìbàì, bí ìgbà tí kùrukùru wà níta."

"Kùrukùru wà níta lóòótọ́," Warsini wí.

"Ọ̀sán ni mò ń sọ."

Warsini gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rìn lọ, àwọn ìgò ń kan ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń rò ó bí ẹni tó ń ka ìwé pẹ̀lú ìka. Sísọ́ọ̀sì ń gé ìrẹsì. Ewé ń di sísọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ó dáa. Ṣúgà ọ̀pẹ ńkọ́? Ìyẹn ti di ṣúgà kó tó dé ẹnu. Kí ni sísọ́ọ̀sì fẹ́ gé níbẹ̀?

Ó bá Tíṣà Nastiti lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Tíṣà ti dé akoto, ó fẹ́ gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. N kò kàwé. Bóyá ọ̀rọ̀ òpònú ni."

"Àǹtí, ẹ sọ ọ́."

"Kíkorò yẹn... tí wọ́n bá mu dídùn tẹ̀ lé e ńkọ́? Bí a ṣe ń mu ún?"

Nastiti bọ́ akoto lórí. Ó wo àwọn ìgò náà, èyí tó dúdú àti èyí tó pọ́n bí oyin. "Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe mu ún dàgbà," ó wí jẹ́jẹ́. "Àǹtí, ewé yẹn kò lè ṣe nǹkan kan sí ṣúgà yẹn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ tààrà. Ká tiẹ̀ ní kò sí dídùn rárá, inú ìgò ni mo ti dán an wò. N kò tíì dán an wò lára èèyàn. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀."

"A ò gbọ́."

"Mo mọ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó wù mí pé kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ lọ, mo bá jókòó." Ó di ọwọ́ Warsini mú. "Ta ló ti fi oògùn sílẹ̀?"

Warsini fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ti yí padà sílé.

Ìyá sùn sórí àga oparun lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Oòrùn ti jó kùrukùru tán, ìmọ́lẹ̀ ń kán láàárín ewé sí i lára. Ìbọ̀sẹ̀ kan ti yọ bọ́ sílẹ̀ lójú oorun. Warsini kúnlẹ̀. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kékeré ti dúdú bí èso tó bọ́ sẹ́rẹ̀. Èèrà mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Ìyá kò sì ta pútú.

"Mo lá àlá," Ìyá wí, láìlajú. "Mo ń já ewé pẹ̀lú ìyá ọkọ mi. Ìrì pọ̀. Ó ní kí n rọra tẹ ilẹ̀. Mo ní, Ìyá, ilẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ mi kò bá ilẹ̀. Mo kàn ń léfòó lọ láàárín ewé, Warsini. Ó dùn. Àfi pé nígbà tí mo jí lánàá, tí mo jí níjẹta, ẹsẹ̀ mi ò bá ilẹ̀ síbẹ̀."

 Láti ìgbà tí Warsini ti wọ ilé yìí gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò tíì sọ pé rárá fún obìnrin yìí rí.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

Ojú Ìyá là. "Kí wọ́n lè fi mí ṣẹ̀sín? Ṣé ewé mi lo wá ń pè ní irọ́?"

"Rárá, Ìyá. Ewé kò purọ́. Ó ń ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Àwa la gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí." Ó gbọn èèrà mẹ́ta náà dànù. "Ọwọ́ mi ni mo fi ń da ṣúgà fún yín láràárọ̀. Èmi ni. N kò ní dà á mọ́. Ẹ bá mi jà, ẹ lé mi jáde, n kò ní dà á."

Ìyá wò ó bí ẹni tó ń wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan mì lókè, ó dẹwọ́.

"Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí òórùn ẹsẹ̀ yìí ti ń ta sí mi nímú," ó wí níkẹyìn. "Mo ní bóyá ewé ni." Ó sì na apá méjèèjì kí wọ́n fà á dìde.

Giyanto ló fi alùpùpù gbé e, Warsini jókòó sẹ́yìn, ó fi àyà gbé ẹ̀yìn Ìyá dúró. Lójú ọ̀nà, ó sọ fún Giyanto ohun tí Tíṣà wí. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn àdúgbò, Giyanto náà wọlé, ó lọ tò sórí ìlà àwọn tó fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Dókítà tú ẹsẹ̀ náà wò, ó fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ káàkiri, ó bi í léèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní ọmọ-ìka yẹn ti lọ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ ṣì dúró, bí wọn ò bá fi í di ọ̀la.

Nọ́ọ̀sì mú bírò. Obìnrin tó máa ń pariwo mọ́ àwọn tó ń mu àgbo ni, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé àwọn ò mu nǹkan kan.

"Yàtọ̀ sí oògùn wa, kí ni màmá ń mu?"

Ìyá kọjú sí ògiri. Warsini wo bírò náà. Ó tọ́ ètè lá.

"Àgbo ni. Èmi ni mo ń sè é. Ewé sambiloto, ìtàkùn brotowali. Ìyẹn ni kíkorò. Lẹ́yìn rẹ̀, omi ìrẹsì... atalẹ̀, àjàgbọn, ṣúgà ọ̀pẹ. Ṣúgà ọ̀pẹ tó pọ̀."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó ya ẹnu láti sọ̀rọ̀.

"Iyọ̀," Ìyá wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. "A máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kọ ọ́, ọmọ mi. Ìyàwó mi gbàgbé iyọ̀."