Àgádágodo tí Kíákíá Já

Ní ọ́fíìsì àwọn Kíákíá, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan fáìlì tí kò bá kọ́kọ́ tì í. Ìwọ tó fẹ́ tún un ṣe, o ó tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí o ti ń kọ iṣẹ́, àgádágodo pupa kékeré á sì yọ síwájú orúkọ fáìlì náà lójú kọ̀ǹpútà gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú orúkọ rẹ àti ìdí tí o fi tì í. Títí o ó fi ṣí i, kò sẹ́ni tó lè ti iṣẹ́ wọlé síbẹ̀, ẹ̀dà tuntun ètò wọn kò sì ní kúrò nílé. Òfin náà le, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kì í ṣe eré. Ètò tó ń darí ẹ̀rọ tó ń kán oògùn sínú iṣan aláìsàn ni wọ́n ń kọ.

Kíákíá ló ń kó iṣẹ́ gbogbo wọn jọ, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwòsàn. Obìnrin tó máa ń mu tíì lórí ìdúró ni, ìnagijẹ rẹ̀ bá a mu. Òun nìkan ló sì lágbára láti já àgádágodo ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀, ẹ̀rọ tiwọn gan-an ló sì ń kán oògùn ìrora sí i lára. Láàárọ̀ tó yà kí i, nọ́ọ̀sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára pátákó: kílò méjìdínlógójì.

“Mo ti fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ,” ni ìyá wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Àmọ́ ẹ̀rọ yín yìí, ọmọ mi, kò jẹ́ n sùn. Gbogbo ìgbà ló ń ké. Kí ni mo ṣe fún un?”

“Màmá, ó máa dákẹ́ lónìí. Mo ṣèlérí.”

Igbe tí kò nídìí yẹn ni ẹ̀dà tuntun fẹ́ wò sàn, Kíákíá fúnra rẹ̀ ló sì kọ àtúnṣe rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, àgádágodo pupa kan ṣì jókòó síwájú fáìlì ìwọ̀n oògùn. Ta ló tì í? Bàbá Àgádágodo ni, ta ni ì bá tún jẹ́!

Òun ló dàgbà jù ní ọ́fíìsì, ìgbàgbé ló sì fún un lórúkọ. Á ti fáìlì bí ẹni ti ilẹ̀kùn yàrá, á sì gba ilé lọ. Ìdí tó máa ń kọ síbẹ̀ kò yí padà rí: “Mo ń bọ̀.” Tó bá lọ jẹun, mo ń bọ̀. Tó bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń bọ̀. Lóṣù yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Kíákíá ti bá a já a. Ohun tó kọ lónìí náà nìyẹn.

Àga rẹ̀ ṣófo, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kíákíá pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti pa fóònù. Ẹni tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà ní, “Ó kàn dìde lọ́sàn-án ni, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.”

“Bàbá yẹn? Sáré?”

Ọ̀rọ̀ yẹn yẹ kó dá a dúró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nígbà tí ìyá rẹ̀ kò rí oorun sùn? Ó já àgádágodo náà. Kọ̀ǹpútà bi í pé kí nìdí. Ó kọ ọ́: “Ó gbàgbé.” Ní aago márùn-ún, ẹ̀dà tuntun ti dé ilé ìwòsàn mọ́kànlá. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á gbé e wọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ oògùn.

Aago mẹ́fà ṣẹ̀ṣẹ̀ lù nígbà tó dé ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ̀ wà. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan lóṣòó síwájú yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ sí, láptọ́ọ̀pù lórí itan, ife tí wọ́n fi ń wọn omi lọ́wọ́. Bàbá Àgádágodo ni.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Kí lẹ wá ṣe níbí?”

“Kíákíá! Wọn ò gba fóònù nínú yàrá yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ǹ bá ti pè ọ́. Mo rí nǹkan kan lọ́sàn-án tó dẹ́rù bà mí, mo wá fi omi dán an wò lórí ẹ̀rọ gidi. Àtúnṣe tìẹ àti fáìlì ìwọ̀n oògùn ò bára mu. Tí aláìsàn ò bá ti tó ogójì kílò, ohun tó yẹ kó kán fún wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló fi tán. Kò sì ní ké, o gbọ́? Àtúnṣe yẹn ti pa á lẹ́nu mọ́.” Ó nu òógùn ojú rẹ̀. “Ọpẹ́ ni pé mo ti ti fáìlì yẹn kí n tó kúrò. Ìyẹn nìkan ló fọkàn mi balẹ̀.”

Kíákíá ti ń sáré.

Yàrá ìyá rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó ṣèlérí gan-an ni. Nọ́ńbà ẹ̀dà tuntun wà lójú ẹ̀rọ, ìyá sì sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Kíákíá fa okùn oògùn náà já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta sí bẹ́ẹ̀dì. “Màmá! Màmá mi!” Ó gbá ìyá tó bí i létí. Ó tún gbá a. Nígbà tó yá, àyà ìyá gbéra.

“Kí ló dé?” ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ wúwo. “Oorun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí sùn.”

“Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí mo pààrọ̀ oògùn ẹ̀ o!” Nọ́ọ̀sì ti sáré wọlé. “Aago mẹ́fà la máa ń pààrọ̀ ẹ̀ níbi gbogbo!”

Bàbá Àgádágodo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ife omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo Kíákíá, kò béèrè ẹni tó já a.

“Ilé ìwòsàn mélòó?”

“Mọ́kànlá, sà.”

Ó gbé ife sílẹ̀, ó tan fóònù rẹ̀, wọ́n sì dúró kó tàn. Láti yàrá kejì títí dé ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ti ń ké láti àárọ̀, kò sí èyí tó ń ké mọ́.