Itọ́ Ọmọ Bàbá

Ìṣó mẹ́rin ló wà láàárín ètè aránbàtà nígbà tí obìnrin alágbàfọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń yọ wọ́n jáde lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kàn wọ́n mọ́ ìdí bàtà, òòlù ń dún kó-kó-kó. Ó gbójú sókè, ó rí i. Ó tún gbójú sílẹ̀, ó ń bá ìṣó rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá mi." Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ sórí awọ gígé tó fọ́n ká ilẹ̀.

Ìṣó tó kẹ́yìn wọlé. Ẹnu aránbàtà ṣófo wàyí, kò sì sí àwáwí mọ́.

"Ta ló kú?" ló bi í.

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Bí kò bá sẹ́ni tó kú, kí ni ìwọ ọmọ ìyá rẹ wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ló yàtọ̀. Aránbàtà ni ọmọ ìyálé, alágbàfọ̀ ni ọmọ ìyàwó. Nígbà tí bàbá wọn kú, ìyá alágbàfọ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Oòrùn ń mú ganrínganrín, òkú kò ṣeé fi pamọ́, wọ́n sì sin ín kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti ìrìn àjò dé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ pẹrẹsẹ ló dé bá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bá wọn kó ṣọ́bìrì wọlé, ó jáde, kò sì yà síbẹ̀ mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn á ti máa fá irùngbọ̀n báyìí.

Wọ́n ní okùn ọmọ ìyá yi. Ta ló tiẹ̀ ti fa ti ọmọ bàbá wò?

Alágbàfọ̀ tú àpò rẹ̀, ó yọ àpò ìwé funfun kan. Igi tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀, òwú wà lórí wọn, wọ́n sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá.

"Itọ́ yín ni mo wá tọrọ," ló wí.

Òòlù dúró sókè. "Kí ni mo gbọ́ yẹn?"

"Itọ́, sà. Kì í ṣe púpọ̀. Màá kàn fi òwú yìí nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni."

Aránbàtà wò ó títí. "Àwọn tó ń wá ìparun èèyàn máa ń jí nǹkan ẹni ni. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa kúnlẹ̀ tọrọ rẹ̀."

Alágbàfọ̀ ṣàlàyé bó ṣe yé e. Olùwádìí kan wà tó máa ń kó ẹ̀wù funfun rẹ̀ wá fún un fọ̀, ọ̀dọ́bìnrin oníwàpẹ̀lẹ́ kan tó ń lo awò ojú. Òun ló sọ fún un pé àmì kan wà lára ọkùnrin, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Bàbá ló ń gbé e fún ọmọkùnrin, ọmọkùnrin yẹn á gbé e fún tirẹ̀, bí ẹni ń gba iná lọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún gbọọrọ gbọọrọ, àmì náà á yí padà díẹ̀, bí ìgbà tí aránṣọ bá fo ojú abẹ́rẹ́ kan, gbogbo ọmọkùnrin tó bá tẹ̀lé e á sì máa ru ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fò yẹn kiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ àwọn tó jọ gbéra níbì kan náà, àwọn tó tẹ̀lé odò lọ, àti àwọn tó yà sínú aginjù tí wọn ò bojú wẹ̀yìn. Bí èèyàn bá sì tọ̀ ọ́ dé ìpìlẹ̀, gbogbo ọkùnrin tó wà láyé, bàbá kan ṣoṣo ni wọ́n máa já sí.

"Bàbá tiwa náà sì ti ibì kan wá," ló wí.

"Ẹ̀yìn ló ti wá," ni aránbàtà dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wọn máa ń dáhùn. Bí ará àdúgbò bá bi í pé níbo ló ti wá, á nàka sẹ́yìn ara rẹ̀, á ní, "Ẹ̀yìn ni mo ti wá." Ẹ̀rín ni alágbàfọ̀ fi ń gbọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìgbà tí òun náà dàgbà, tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tẹ̀lé ọkọ lọ sọ́nà jíjìn, ló tó mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò ṣeé gbé sùn. Láàárín aṣọ àwọn ẹlòmíràn tó sá sórí okùn, á dúró, á máa ronú ibì kan tí òun ì bá máa fi ìka tọ́ka sí.

Itọ́ tara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fún olùwádìí. Ọjọ́ tí èsì dé, ọmọbìnrin náà fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀: "Màmá, ti ìyá yín ni tiyín sọ fún wa. Ti bàbá, ara ọkùnrin nìkan ló ń gbà kọjá." Alágbàfọ̀ wọ yàrá lọ, ó dúró síwájú dígí. Iwájú orí bàbá rẹ̀ nìyẹn, etí bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ikọ́ tó ń wú lówùúrọ̀ gan-an, ikọ́ bàbá rẹ̀ ni. Ó wá dà bí ẹni pé ó kàn yá gbogbo rẹ̀ lò.

"Àárọ̀ ọ̀la ni olùwádìí ń lọ," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan lẹ kù, Bọ̀dá."

"Èmi nìkan ni mo kù." Aránbàtà fi ọwọ́ nu òòlù, bẹ́ẹ̀ òòlù ò dọ̀tí. Kò bímọ. Ìyàwó tó fẹ́ ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ tipẹ́. "Ó dáa, mú un wá." Ó la ẹnu.

"Ẹ ti jẹun, sà?"

"Tíì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu."

"Áà. Wọ́n ní ẹnu gbọ́dọ̀ ṣófo fún wákàtí kan. Ẹ ò ní jẹ, ẹ ò ní mu, ẹ ò sì ní fi nǹkankan sẹ́nu."

Aránbàtà pa ẹnu dé. Ó wo aago ara ògiri. "Jókòó," ló wí.

Alágbàfọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà. Òórùn àtè àti ti awọ kún ibẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan tò sórí pákó, àwọn tí ẹni tó ni wọ́n kò padà wá gbà. Aṣọ ìkélé kò bo ẹ̀yìn ìsọ̀ tán. Ó rí ibùsùn tóóró kan, ife kan, àwo kan, àti ṣíbí kan nínú àwo náà.

"Mi ò tiẹ̀ lè gbé omi fún àlejò kí n wá máa wò ó lẹ́nu," ni aránbàtà kùn.

"Ẹ má ṣèyọnu. Èmi náà ò ní mu."

Wọ́n jókòó bí ẹni méjì tó ń gba ààwẹ̀ ẹ̀sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Wákàtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí obìnrin aláriwo kan ya wọlé, tó ju bàtà tó ti ya ẹnu sórí tábìlì. "Aránbàtà, ẹ bá mi kàn án kíá! Háà, ẹ ti mú ìyàwó wálé, ẹ ò sì pe àdúgbò?"

Ọwọ́ aránbàtà ti mọ iṣẹ́ ju orí lọ. Ó bu ìṣó, ó kó o sẹ́nu, ó gbá bàtà náà mú. Ó fẹ́ sọ pé àbúrò òun ni, àmọ́ ìṣó ò jẹ́. Ohun tó jáde kò jọ èdè ẹnikẹ́ni.

"Bọ̀dá!" ni alágbàfọ̀ kígbe. "Ìṣó!"

Ó tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

"Ìyàwó ló ń pe ọkọ ní Bọ̀dá yìí? Ó mà kẹ́kọ̀ọ́ ilé o!" Obìnrin náà gba bàtà rẹ̀ nígbà tí wọ́n kàn án tán, ó ń rẹ́rìn-ín lọ títí ó fi dé òpópónà.

"Ó ti bàjẹ́, àbí?" ni aránbàtà bèèrè.

"Ó ti bàjẹ́, sà. À á tún un bẹ̀rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránbàtà. Láti imú ló ti kọ́kọ́ jáde, fín-ín, kó tó di ti ẹnu. Alágbàfọ̀ yíjú sí i. Ẹ̀rín bàbá wọn nìyẹn; ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, inú ilẹ̀ ló sì rò pé ó wà.

Wákàtí kejì ò rí bí èkíní. Òòlù sinmi. Aránbàtà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Báwo ni Bàbá ṣe lọ?"

"Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Ó ní kí a má ti ilẹ̀kùn."

"Nítorí ta?"

"Kò sọ, sà. Ìyá mi fẹ́ tì í, ó ní rárá. Ṣíṣí ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́."

Aránbàtà wo ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Orí ọrùn Bàbá ni mo wà nígbà tí à ń bọ̀ níbí. Ìyá mi ru ẹrù tẹ̀lé wa. Omi ńlá kan wà lọ́wọ́ òsì wa, bí a ti ń lọ náà ni kò tán. Mo rò pé ó ń bá wa rìn ni."

"Ìlú wo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ta ló ń sọ orúkọ ìlú fún ọmọ tí wọ́n gbé sọ́rùn? Etí rẹ̀ ni mo dì mú. Etí yẹn nìkan ni mo mọ̀." Ó gbójú sókè, ó wo etí alágbàfọ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Alágbàfọ̀ kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó ṣe é bí ẹni pé wọ́n di etí òun mú ní ti tòótọ́.

Oòrùn ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wákàtí pé. Alágbàfọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì, aránbàtà la ẹnu. Eyín kan ní ìsàlẹ̀ gun èkejì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lẹ́nu bàbá wọn. Ó fi òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì jẹ́jẹ́. Àwọn tó tẹ̀lé odò, àwọn tó gbọ́mọ sọ́rùn gba aginjù kọjá, gbogbo ìrìn yẹn, inú ẹnu yìí tó ń rùn àtè àti irin ló gúnlẹ̀ sí.

"Ṣé o rí wọn níbẹ̀?" ni aránbàtà bèèrè nígbà tó yọ igi náà.

"Ta ni, sà?"

"Àwọn bàbá."

"Wọ́n pọ̀, Bọ̀dá. Wọ́n tò síbẹ̀ lọ bẹẹrẹ."

"Bá mi sọ fún wọn pé ọ̀nà ti tán."

Alágbàfọ̀ ti igi náà bọ ọ̀rá, ó pa á dé. "Ó ku ìkejì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún."

Aránbàtà dìde. Ó lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó bu omi sínú ife, ó gbé e bọ̀. Ó ń wo àbúrò rẹ̀ lójú láti orí etí ife, ó sì mu omi náà, gbú-gbú-gbú, títí ìdí ife fi gbẹ.

"Áà," ló wí. "Mo gbàgbé." Ojú rẹ̀ kò gbàgbé nǹkankan.

Olùwádìí ti sọ pé igi kan lè tó, pé nítorí àṣìṣe ni wọ́n ṣe ń fi èkejì sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè alágbàfọ̀. Ó wo aago. Ó wo ibùsùn tóóró, ó wo ṣíbí kan. Ó rántí okùn aṣọ tó ń dúró dè é ní àgbàlá tí ẹnìkankan ò sí.

Ó dá igi kejì padà sínú àpò ìwé, ó sì jókòó.

"Ó di wákàtí kan mìíràn nìyẹn, sà."

Aránbàtà tún bu omi sínú ife kan ṣoṣo náà, ó na án sí i.

"Mu tìrẹ, ọmọ bàbá mi," ló wí. "Wọn ò nílò ẹnu tìrẹ."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mu ún. Níta, ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Ilẹ̀kùn ìsọ̀ wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ń ti ibẹ̀ wọlé, kò sì sí ẹni tó dìde nínú àwọn méjèèjì láti lọ tì í.