Òróró Ara Gìtá Aboudou

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló fi ẹ̀yìn rìn gun gìtá Aboudou mọ́lẹ̀ ní ọjà iṣu Tchaourou, tó fọ́ ọ yángá. Ọjọ́ náà gan-an ni Ọláyínká ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé òun yóò ṣe òmíràn fún un. Ọláyínká kò ṣe gìtá rí láyé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni: ilẹ̀kùn, bẹ́ǹṣì ilé ìwé, àga ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ń kàn nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ṣùgbọ́n òun àti Aboudou ti jọ ń ṣa kajú lóko olóko láti kékeré, kò sì lè fara da bí ọkùnrin náà ṣe ń rìn kiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù sọ́jà.

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko. Igi ọ̀gànwó ló fi ṣe ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀. Omi gbígbóná ló fi rọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà kó tó gbà láti tẹ̀. Ó gé irin tínrín inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó tò ó sí ọrùn gìtá níbi tí ìka yóò máa tẹ̀. Ó ra okùn rẹ̀ ní Parakou. Nígbà tó kàn án tán, ó ránṣẹ́ sí Aboudou ní Bétérou níbi tó ń gbé, alùpùpù sì gbé e dé kí oòrùn tó mú.

Aboudou ta okùn kan, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ọláyínká, gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀!"

Ó jókòó sórí ìtì igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ó ní Chadia lòun ṣe é fún, ọmọbìnrin òun kan ṣoṣo, tí wọn yóò so yìgì rẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀. Ó ní òun ń fi í pa mọ́ fún gbogbo ilé, kó lè bá wọn lójijì. Orin náà gùn. Ọláyínká ń dáhùn "hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n" sí i, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́bàá ihò gìtá, níbi tí ìfági ti họ igi náà díẹ̀.

"Bon," Aboudou dìde, "jẹ́ kí n máa gbé e lọ."

"Gbé kí ni lọ? Igi tí kò tíì mu òróró? Bí àwọn èèyàn bá bèèrè ẹni tó ṣe é, ojú wo ni kí n fi wò wọ́n? Bó bá dán tán, wàá rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀."

"Èmi ò wá dígí, ọ̀rẹ́ mi. Gìtá ni mo wá."

"Fi sílẹ̀, mo ní. Á ti dán kí ìgbéyàwó tó dé."

Aboudou fi í sílẹ̀.

Òróró ara igi kì í ṣe ohun tí à ń kánjú sí. Àkísà la fi ń pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A ó nu èyí tó ṣẹ́kù, a ó dúró kó gbẹ, a ó fi pépà oníyanrìn ra á jẹ́jẹ́, ká tó tún pa òmíràn lé e. Ọláyínká mọ gbogbo èyí. Ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kéèyàn dáwọ́ dúró. Ó pa á, ó gbẹ, ó dára. Ó ní kò tíì tó. Ó tún pa á, eruku ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakou bà lé e. Ó họ gbogbo rẹ̀ dànù. Òjò dé, òróró kọ̀ kò gbẹ mọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka bí oyin. Ó tún họ ọ́.

"Bàbá Ṣìkẹ́mi," Yéwándé ìyàwó rẹ̀ sọ fún un, "ọmọ tuntun gan-an, a kì í wẹ̀ ẹ́ tó báyìí. Ẹ gbé nǹkan yìí fún ẹni tó ni í."

Kò gbọ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, òróró tútù ṣì wà lára gìtá. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé Bétérou, lọ́wọ́ òfo, ó sì bẹ Aboudou pé ó ku díẹ̀. Aboudou ní kò burú. Wọ́n jẹun, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin kọrin. Bàbá ìyàwó jókòó láàárín wọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti tún wọlé kí Ọláyínká tó gbà pé iṣẹ́ parí. Gìtá náà ń dán gbinrin. Ó ń wá aṣọ mímọ́ tí yóò fi wé e ni fóònù rẹ̀ dún: Rafiatou, ìyàwó Aboudou. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkọ rẹ̀ lóko. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, àmọ́ apá òsì ti kú, ahọ́n rẹ̀ sì ti wúwo.

Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò nílé ìwòsàn wá sílé, Ọláyínká so gìtá mọ́ ẹ̀yìn, ó gun alùpùpù lọ sí Bétérou. Ó bá Aboudou lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. Ó tú aṣọ ara gìtá. Aboudou wò ó títí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún pa á lára. Ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sápá kan hàn kedere nínú igi náà.

"Ó... dán," ó ní.

Ọláyínká bú sẹ́kún. "Aboudou, ká ní mo jẹ́ kí o gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn ni!"

Rafiatou jókòó tì wọ́n. Kò gbé ohùn sókè. "Bàbá Ṣìkẹ́mi, mi ò bá yín jà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀bá ọ̀nà ló jókòó sí láàárọ̀ ìgbéyàwó? Gbogbo alùpùpù tó bá ń bọ̀ láti Tchaourou, á dìde. Mo ní kó wá wẹ̀, ó ní ẹ ti ń bọ̀."

Ọláyínká kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Òun nìkan wá ńkọ́?

Chadia ti wá láti ilé ọkọ láti tọ́jú bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Ọláyínká bí ẹni tó ń kí àbúrò bàbá rẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn.

"Tonton, màmá ní bàbá sọ fún òun lẹ́yìn ìgbéyàwó pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ orin tó ṣe fún mi. Ó ń gbìyànjú láti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde. Báwo ló ṣe lọ?"

Ọláyínká la ẹnu. Ó wá orin náà lọ, ó wá a bọ̀. Ó rántí ibi tí ìfági ti họ igi. Ó rántí àwọ̀ igi náà nínú oòrùn àárọ̀.

"Orúkọ rẹ wà níbẹ̀," ó ní. "Ó pè é lọ́pọ̀ ìgbà. Ó mẹ́nu kan òjò pẹ̀lú. Ìyókù... mi ò fetí sílẹ̀, Chadia."

"Kò burú, tonton." Ọmọbìnrin náà dìde, ó wọlé lọ, kò sì tètè jáde.

Aboudou fi ojú sọ pé kí wọ́n gbé gìtá lé òun nítan. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn. Ọláyínká, tí kò mọ nǹkan kan nípa títa gìtá, na ọwọ́ tirẹ̀ sí ọrùn rẹ̀, ó tẹ okùn kan. Aboudou gbọn orí. Ó tẹ òmíràn. Aboudou tún gbọn orí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí oòrùn fi rẹlẹ̀, wọ́n sì rí ohùn kan tí kò gbọn orí sí.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ni Ọláyínká máa ń lọ síbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ohùn tí wọ́n mọ̀ ti pọ̀ díẹ̀. Orin Chadia kọ́ ni.